Ọkọ̀ Màmá Agbẹ̀bí Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Atúnkọ̀bí ni wọ́n ń pè é, nítorí bó ti wù kí ọkọ̀ gbó tó, bó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àtúnbí ni yóò tún un bí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń kun ọkọ̀ tó bá tún ṣe. Bàbá wọn ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́, òun náà ló kú fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún wọn: ilé gbọọrọ onípáànù, tí epo ti sọ ilẹ̀ rẹ̀ di dúdú, tí òòlù ńlá àti kékeré kọ́ sára ògiri.

Tẹlifíṣọ̀n kan wà lórí àpótí irinṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán, ètò àwọn tó ń sọ ògbólógbòó ọkọ̀ di àràmàǹdà ni wọ́n máa ń wò. Ẹnu Atúnkọ̀bí kì í sì í dákẹ́.

"Wo irọ́ gbuu! Ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn báyìí ló ń fọwọ́ gbá yẹn. Ṣé oòrùn inú tẹlifíṣọ̀n ló bá wọn gbẹ ẹ́ ni?"

"Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ n gbọ́," àbúrò rẹ̀ á ní. "Ó kéré tán, ayé mọ̀ wọ́n. Ta ló mọ àwa?"

"Àwọn tó ń wa ọkọ̀ wa mọ̀ wá."

"Wọn ò pọ̀, Bọ̀dá mi."

Àbúrò kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó pe iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Olóòtú ètò fúnra rẹ̀ ló wá, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan tó jẹ́ pé "ọ̀rẹ́ mi" ló ń pe tọmọdé tàgbà. Ó yí ṣọ́ọ̀bù ká, ó dúró nídìí ọkọ̀ Màmá Agbẹ̀bí tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe. Ọkọ̀ yẹn ni ìyá náà fi sáré lọ gbẹ̀bí kiri ní gbogbo ayé rẹ̀. Àwọn ọmọ kan tilẹ̀ wà tí wọn ò lè dúró délé, ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n bí wọn sí. Ojú ìyá ti ń ṣú báyìí, dókítà sì ti ní kò sí àtúnṣe. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju kó rí ọkọ̀ náà kó tún rìn, kó tó di pé òkùnkùn gba ojú rẹ̀ tán.

"Ìtàn rèé!" olóòtú wí, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́.

Màmá gbà. Àbúrò kúnlẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun náà gbà, nítorí láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú, kò tíì rí i kí inú ọmọbìnrin náà dùn tó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbé kámẹ́rà dé. Atúnkọ̀bí tú ìjókòó ọkọ̀, ó rí i pé irin ìsàlẹ̀ ti dógùn-ún, ó ti rí bí pákó tí ikán jẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e díẹ̀díẹ̀, kó lè jó irin tuntun mọ́ ọn. Olóòtú yán.

"Ọ̀rẹ́ mi, èèyàn kì í jókòó wo irin. Ìjà ni wọ́n ń wò." Ó fa àbúrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé kò sí nǹkan tó ń dùn ọ́ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ ni? Òun ni kó o sọ. Eré ṣáà ni."

Ẹ̀rín ni àbúrò kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ̀rù ló ń bà yín. Látìgbà tí Bàbá ti kú, ẹ ò parí ọkọ̀ kankan láìjẹ́ pé mo tì yín. Ẹ máa ń ní kò tíì dáa tó, kò tíì dáa tó. Òkú Bàbá lẹ ń ṣiṣẹ́ fún. Èmi tí mo wà láàyè, ẹ ò rí mi." Nígbà tó fi máa débẹ̀, ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

Atúnkọ̀bí gbé òòlù sílẹ̀. "Ṣé àwọn ló ní kó o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ni."

"Àmọ́ wọn ò sọ ohun tó o máa sọ."

Ẹyin lohùn. Ọmọbìnrin náà wolẹ̀. Olóòtú pàtẹ́wọ́. "Ó dùn! Ẹ tún un ṣe, kámẹ́rà ò rí ojú Bọ̀dá dáadáa." Wọ́n sì tún un ṣe.

Nígbà tó yá, àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ní àfi kí ọkọ̀ jáde ní Sátidé. Atúnkọ̀bí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò tíì tó gbé èèyàn. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ tiwọn wá, wọ́n fi pọ́tì lásán, tí kò lágbára irin, dí ihò gbogbo, wọ́n rẹ́ ẹ dán bí ògiri. Àbúrò kùn ún. Ìta ni ẹ̀gbọ́n dúró sí títí wọ́n fi parí. Ní Sátidé, Màmá fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lórí bí ọmọ, ó sunkún, kámẹ́rà sì sún mọ́ omijé rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

Bí ètò náà ti jáde ni Atúnkọ̀bí lọ bá Màmá nílé. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbé ọkọ̀ padà, kóun ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

"Má bínú, ọmọ mi," Màmá wí jẹ́jẹ́. "Mo gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ sọ. Bó o bá gbé e lọ, ṣé ojú mi á ṣì máa ríran kó o tó parí ẹ̀?"

Atúnkọ̀bí fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Òótọ́ ni Màmá sọ.

Òjò dé. Ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í wú lára ọkọ̀ bí oówo. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ Màmá fẹ́ fi ọkọ̀ náà gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìjókòó rì mọ́ ìyá nídìí lẹ́nu géètì wọn, gbígbé ni wọ́n gbé e jáde. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ kò jáde mọ́.

Olóòtú ti gba àbúrò síṣẹ́. Ó ń kun ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú níwájú kámẹ́rà. Kó tó lọ, ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí pé kó má bínú. Ẹ̀gbọ́n ní kò sí wàhálà, ó sì bá a gbé àpótí rẹ̀ dé ojú títì. Àwọn oníbàárà tó kù kò yéé bi í pé, "Àbúrò yín tó máa ń bú yín dà?"

Nígbà tó ṣe, ó gbé irinṣẹ́ lọ sí àgbàlá Màmá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀. Ibi tó bá fọwọ́ kàn ló ń já sílẹ̀ wọ́rọwọ̀rọ. Kò sí ojúlówó irin kan tó ṣẹ́ kù tí wọ́n lè jó tuntun mọ́. Ó rápálá jáde lábẹ́ ọkọ̀.

Màmá rọra jáde, ó fọwọ́ tẹ ògiri. Ojú rẹ̀ ti ṣú tán.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ nìyẹn? Ọkọ̀ mi ńkọ́?"

"Ó wà, Màmá."

"Ṣé ó ṣì ń dán?"

"Ó ń dán, Màmá," Atúnkọ̀bí wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń lọ.