Ẹni Tí Yóò Di Orí Rẹ̀ Mú

Fìríìjì elépo òyìnbó kì í kú bọ̀rọ̀. Á kàn yan odì ni: iná ń jó lábẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì tutù. Ẹni tó bá mọ ìwà rẹ̀ á dorí rẹ̀ kodò fún ọjọ́ kan, kí oògùn inú páìpù rẹ̀ lè padà sáyè, á wá gbé e dìde lọ́jọ́ kejì.

Bàbá Akínbọ́lá mọ ìwà rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú ọ̀kan ní abúlé tí iná kò tíì dé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ilé ìwòsàn tó ti ṣiṣẹ́ fẹ́ ju fìríìjì náà nù, ló bá gbé e wálé ní Ìpẹ̀rú. Òun àti Láídé ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ń dorí rẹ̀ kodò. Láídé á di orí mú, òun á di ìdí mú, Láídé á sì máa bú fìríìjì náà bí ẹni ń bú orogún.

Ọdún mẹ́ta rèé tí Láídé ti kú, tí fìríìjì náà sì ti dákẹ́. Lọ́dún yìí ni Bàbá dìde sí i. Ó ha ìpata rẹ̀, ó kùn ún ní funfun, ó wá rọ́bà ilẹ̀kùn rẹ̀ dé Ṣágámù, ó pààrọ̀ òwú iná rẹ̀. Síbẹ̀ kò tutù. Ó ku dídorí kodò, ọwọ́ kan kò sì gbé igbá dórí.

Yésúfù ọlọ́kadà tó yá yàrá iwájú ì bá bá a gbé e. Bàbá kò sọ fún un. Ká má parọ́, Ọmọ́bọ̀wálé ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ rí. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti wálé gbẹ̀yìn, Èkó tí kò jìnnà yìí náà ni. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ gan-an.

Ó pè é lórí fóònù. "Mo ti tún fìríìjì ìyá rẹ ṣe. Ó ku ká dorí rẹ̀ kodò."

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Bàbá. Màá rí sí i ní Sátidé."

Láti àárọ̀ Sátidé ni Bàbá ti rin ewùrà, ó se ìkọ́kọrẹ́ tí ọmọ náà fẹ́ràn. Ọ̀sán pọ́n, ọkọ̀ kan dúró. Ọkùnrin méjì gbé fìríìjì tuntun sọ̀ kalẹ̀ nínú páálí. Wọ́n ní Ọmọ́bọ̀wálé ló ní kí àwọn gbé e wá. Bàbá yọjú wo inú ọkọ̀, bóyá ẹnì kan ṣì kù níbẹ̀.

Ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n bá a dorí èyí àtijọ́ kodò. Ó fi oúnjẹ lọ̀ wọ́n, wọ́n ní àwọn ṣì ń lọ sí Ògèrè. Lọ́jọ́ kejì, Yésúfù bá a gbé e dìde. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ajé, yìnyín ti bò ó nínú.

Ọmọ́bọ̀wálé pè. "Bàbá, ṣé fìríìjì yẹn ń tutù?"

"Ó ń tutù." Ọwọ́ Bàbá wà lára èyí àtijọ́. Èyí tuntun ṣì wà nínú páálí rẹ̀ ní pálọ̀.

"Ẹ ṣáà rí i. Ẹ ò ní ṣe wàhálà mọ́."

"Bọ̀wálé, n kò tọrọ fìríìjì lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí yóò bá mi di orí rẹ̀ mú ni mo ń wá."

Bàbá ṣí ilẹ̀kùn èyí àtijọ́, ó tún pa á dé.

"Mo se ìkọ́kọrẹ́ dè ọ́," ni Bàbá wí. "Ó ti kan. Mo ti dà á nù."