Eérú Inú Ìgò

"Ẹ wò ó! Ẹ wá wo bó ṣe ń jáde!"

Adéwọlé na bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè níwájú gbogbo wa tó pé jọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í bọ inú ìtọ̀ Ìfẹ́ ni, ìtọ̀ tí ọmọ náà gbé wá nínú ife ike. Bébà náà ti pọ́n bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó fẹ́ẹ́ jẹrà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, níwájú àwa kan náà, àwọ̀ ewé ló ní.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé àwọ̀ ewé ló dáa," ni mo wí. "Ẹ ní èyí tó bá pọ́n, ásíìdì ni. Ó ṣe wá jẹ́ pé èyí tó pọ́n lẹ ń yọ̀ sí?"

Àwọn tó jókòó sórí àga ike rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí Dosi, ẹ fara balẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú ara ni ásíìdì yẹn sá pamọ́ sí. Omi wa ti wá lé e síta. Ohun tí ẹ ń wò yìí, ẹrù rẹ̀ ló ń kó."

Tọ̀yìbátù, ìyá Ìfẹ́, tí èmi àti ẹ̀ jọ ń gbé ilé kan náà, kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì. "Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á dá a padà fún yín."

Èmi ò kúnlẹ̀. Bí bébà bá dà bí ewé, ọkùnrin yìí jàre. Bó bá pọ́n, ó jàre. Àwọ̀ wo ló kù tó lè fi jẹ̀bi?

Mo tẹ̀ sí etí Tọ̀yìbátù. "Abẹ́rẹ́ ọmọ yìí ńkọ́?"

"A ti fi í sílẹ̀ láti Mọ́ńdè. Dókítà Adéwọlé ní abẹ́rẹ́ yẹn gan-an wà lára ohun tó ń da ásíìdì sí i lára."

Adéwọlé ti gbé ìgò omi kan lé Ìfẹ́ lọ́wọ́, ó sì na fóònù sí i láti yà á. "Rẹ́rìn-ín, ọmọ dáadáa. Gbé ìgò náà sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́."

"Sà, ẹ má jẹ́ kí imú mi tóbi nínú fọ́tò o," ni Ìfẹ́ wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ṣẹ́jú sí mi. "Màmá Dosi, ó ti parí. Mi ò ní gún ikùn mi bí ẹni gún iyán mọ́."

Mo rí i pé ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti là.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Jàmíù bàbá rẹ̀ ti kú sínú ọ̀sà nígbà tí ọmọ náà ṣì ń rá. Lọ́dún tó kọjá ni Ìfẹ́ ṣubú ní kíláàsì. Ní ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni, irú èyí tó ń mú ọmọdé. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò lè ṣe ohun tó ń gbé ṣúgà wọ inú ẹran ara, abẹ́rẹ́ ni yóò máa bá a ṣe é, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, títí ayé. Oògùn náà kò gbọ́dọ̀ gbóná, bẹ́ẹ̀ iná ìjọba kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa ní Gbàjí. Èmi ni mo fún un ní ìkòkò amọ̀ kan lára èyí tí mo fi ń ṣe ọṣẹ. A rọ iyanrìn sí i, à ń wọ́n omi sí iyanrìn náà, a sì tẹ ìgò oògùn sí àárín rẹ̀. Ó ń tutù bí omi àmù. Ọdún kan gbáko ni ọmọ yẹn fi ń gún abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀, tó ń lọ sí ilé ìwé, tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, tó ń sanra.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì tó ń fún wọn lóògùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé oògùn ò sí, kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ Dókítà Adéwọlé ní ẹ̀bá títì. Páálí omi Adéwọlé wà lábẹ́ tábìlì nọ́ọ̀sì yẹn. Mo fojú ara mi rí i.

Adéwọlé kì í ṣe dókítà kankan. Ó kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Ìjànikin títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó ní ara tó bá ti di álíkáláìnì, ìyẹn òdìkejì ásíìdì, àrùn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ká má jẹ ẹran mọ́, ká má jẹ ìrẹsì, ká máa jẹ kùkúńbà àti ewé, ká máa fa ọsàn wẹ́wẹ́ mu.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ tó ń mú eyín kan?" ni mo bi í nígbà kan.

"Ẹnu nìkan ló ti ń kan, Àǹtí. Tó bá dé inú ara, álíkáláìnì ló ń dà."

Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ pé ibi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó ló ti ń di òótọ́, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí. Síbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Mo ní ìdí.

Ọṣẹ dúdú ni iṣẹ́ mi. Èèpo àgbọn ni mo ń jó, èyí tí mo ń ṣà jọ ní etíkun. Mo máa ń da eérú rẹ̀ sínú ajere, màá bu omi lé e, omi á sì máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Ahọ́n la fi ń mọ̀ bí omi eérú bá ti mú tó. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Adéwọlé ti ń wá ra eérú lọ́wọ́ mi, àpò kan, àpò méjì. Ó ní ọgbà òun lòun ń dà á sí. Lọ́jọ́ kan, Tọ̀yìbátù bu omi inú ìgò yẹn fún mi kí n tọ́ ọ wò. Kò ju ẹ̀ẹ̀kan tó kan ahọ́n mi. Omi púpọ̀ ni wọ́n fi là á, ṣùgbọ́n eérú mi ni. Eérú àwọn ará òkè kì í ní iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ yẹn nínú. Tèmi ní in, nítorí etíkun.

Mo gbé ife náà sílẹ̀. Mo ní ó dùn díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé eérú ò pa èèyàn rí, ṣebí a máa ń fi í se ilá. Òótọ́ tó wà nísàlẹ̀ ni pé kò sí ẹlòmíì tó ń ra eérú mi ní àpò àpò.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Tọ̀yìbátù pariwo orúkọ mi.

Ìfẹ́ wà lórí ẹní. Ìgò òfìfo yí i ká. Kò sáré, kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mí bí ẹni tó sáré láti etíkun wá sílé, èémí ńlá, èémí ńlá, láìsinmi. Mo tẹ̀ mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ ń rùn bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó jẹrà.

Tọ̀yìbátù ti gbé fóònù sétí. Ohùn Adéwọlé ń jáde ketekete. "Ẹ má bẹ̀rù. Ara ló ń fọ ara rẹ̀. Ẹ fún un ní ìgò méjì sí i."

"Mọ́ṣúdù!" ni mo kígbe sí ọlọ́kadà iwájú ilé. "Mọ́ṣúdù, gbé ọ̀kadà rẹ wá!"

Èmi àti ìyá rẹ̀ mú un sáàárín, a sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn ní Àgbádárìgì. Dókítà obìnrin kékeré kan ló gbà wá. Ó gbóòórùn ẹnu ọmọ náà, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn?"

"Mọ́ńdè," ni Tọ̀yìbátù wí.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di ásíìdì, Mà."

"Rárá o, Dókítà. Omi tó ń lé ásíìdì ló ń mu."

Dókítà náà ti ń wá iṣan lápá ọmọ náà kó tó dáhùn. "Tí kò bá sí abẹ́rẹ́, ara ò lè rí ṣúgà lò. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń jó dípò rẹ̀, ohun tó ń jáde nínú jíjó yẹn ni ásíìdì. Omi kankan ò lè pa iná yẹn. Abẹ́rẹ́ ló ń pa á."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ẹwà kankan. Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìfẹ́ kú lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán. A sin ín sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ náà gan-an, lábẹ́ igi àgbọn. Nígbà tí mo ń gbálẹ̀ yàrá wọn, mo rí ìkòkò amọ̀ náà ní igun. Iyanrìn rẹ̀ ti gbẹ. Ìgò oògùn kan wà nínú rẹ̀, ó kún dé ọrùn.

Adéwọlé wá sí àdúrà ọjọ́ kẹta. Ó wọ funfun. "Ọlọ́run ló ni í," ni ó wí fún Tọ̀yìbátù. "Ṣùgbọ́n ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kò mu ún tó." Bó ṣe ń jáde, ó bi mí léèrè eérú. Mo ní kò sí mọ́.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí obìnrin kan yà wá láti Àràdàgún. Ìgò omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Ìfẹ́ ni, ó gbé ìgò sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, níbo ni ilé ọmọ yìí wà? Ọmọ tèmi náà ń gba abẹ́rẹ́. Ó ń bẹ̀rù láti fi í sílẹ̀. Mo fẹ́ kí eléyìí fẹnu ara rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀."

Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé. Tọ̀yìbátù wà níbẹ̀, ó ń fa koríko kúrò lórí òkìtì iyanrìn náà. Obìnrin náà wo òkìtì, ó wo ìgò.

"Kí ló pa á?"

"Èmi ni," ni Tọ̀yìbátù wí. Kò gbójú sókè. "Mi ò fún un mu tó."

Obìnrin náà mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ó fẹ́ ti ìgò náà padà sínú báàgì.

"Eérú ni," ni mo wí. Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. "Eérú tí mo ń jó lágbàlá mi ni. Òun kọ́ ló pa á, àìgba abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní kó fi sílẹ̀ ló pa á. Ẹ lọ fún ọmọ yín ní abẹ́rẹ́. Ẹ lọ báyìí!"

Obìnrin náà wò wá, èmi àti Tọ̀yìbátù. Ìgò náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí iyanrìn. Ó sáré, ó ń pe ọlọ́kadà kó tó dé ojú ọ̀nà.

Tọ̀yìbátù dìde. "Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀, Àǹtí?"

"Láti ọjọ́ tó o ti bù ú fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ìgò náà, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀ dànù. Ó ṣí i. Ó nà án sí mi.

"Ẹ mu ún."

Mo gbà á. Mo mu ún títí ó fi tán, níwájú rẹ̀, láìmí. Ó ní iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú.