Ohùn Tó Ba Pásímónì Mi Jẹ́

Ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn ni asọ̀ròyìn Hui Yanru jókòó sínú tẹlifíṣọ̀n ìjọba ìbílẹ̀ wa, tó fi àwòrán àgbàlá mi hàn, tó ní ẹfun ni èmi Dang Shuanniu ń fi kun pásímónì gbígbẹ. Ẹfun! Èso tí a bó, tí a so rọ̀ sí afẹ́fẹ́ títí ṣúgà inú rẹ̀ fi yọ funfun síta fúnra rẹ̀! Gbogbo abúlé ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn ìròyìn agogo méje alẹ́ ló sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà á gbọ́. Caiqin, ìyàwó mi, pàápàá bi mí:

"Bàbá Lele, ṣé ẹ ò fi nǹkan kan sí i lẹ́yìn mi?"

"Ìwọ lo bó o! Ìwọ lo so ó rọ̀!"

"Mo mọ̀. Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n ò lè dédé sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹlẹ́dẹ̀ ló jẹ pásímónì ọdún yẹn tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n.

Lóṣù tó kọjá, Yanru wọlé wá pẹ̀lú fóònù lórí ọ̀pá, tó ń fi wá han aráyé lójú ẹsẹ̀. Àwọn asọ̀ròyìn ló ń bá àwọn àgbẹ̀ tajà lórí fóònù báyìí; ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni aráyé fi ń rajà. Òjò ti ba pásímónì àwọn ará abúlé jẹ́. Tèmi nìkan ló yè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Pásímónì yín mà dára o!"

"Ẹfun ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ àtijọ́! Wọ́n kọ ọ́ fún mi ni, mo kàn kà á."

"Ó dáa. Kà á padà."

Caiqin fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rẹwà."

Yanru fọwọ́ bo fóònù, ó rọra sọ pé, "Ẹ máà bínú, Bàbá."

"Ohùn yẹn kọ́. Ohùn yẹn ò bà mí lórúkọ jẹ́. Ti agogo méje ni mo fẹ́, kí gbogbo wọn gbọ́."

Mo gbé agbọ̀n wọlé, mo jókòó di ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó ní kí n fún òun ní ẹyọ kan. Ó lá funfun ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó nàró gbọnrangandan níwájú fóònù, ó sì gbé ohùn agogo méje jáde láàárọ̀ kùtùkùtù.

"Ẹ kú àṣálẹ́, ẹ̀yin òǹwòran. Lọ́dún mẹ́tàlá sẹ́yìn, mo sọ fún yín pé Dang Shuanniu ń fi ẹfun kun pásímónì. Mi ò wá wò ó. Mi ò tọ́ ọ wò. Irọ́ ni mo kà fún yín."

Caiqin dì mọ́ mi lápá. "Háà! Bàbá Lele, àṣé òótọ́ lẹ ń sọ!"