Omi tí Asmaou Kò Tọ́ Wò

Ní ọjọ́ tí ìròyìn dé láti ilé ìwòsàn pé Ìyá ti dákẹ́, Asmaou ló kọ́kọ́ ṣubú lulẹ̀. Ìyádùnní, ọmọ tí Ìyá bí, ló gbé e dìde. Láti ìgbà tí Asmaou ti sá ogun wá láti Burkina ni Ìyá ti fún un ní yàrá nínú ilé wọn ní àdúgbò Ouando.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Fiacre, ọmọ àdúgbò tó ti ń ya fíìmù nípa Ìyá àti Asmaou, ta aṣọ funfun sára ògiri àgbàlá kí ẹbí lè wò ó. Ìyá yọ lójú aṣọ náà. Ó bu omi sínú ife irin rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, kí àlejò lè mọ̀ pé kò séwu, kó tó gbé e fún Asmaou.

"Ẹ wo Ìyá! Ó wé gèlè nítorí sinimá!" Àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ojú.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé nínú fíìmù náà. Asmaou gbé ife kan náà sí Ìyá lẹ́nu. Kò tọ́ ọ wò.

"Dá a dúró!" Gbádébọ̀, àkọ́bí Ìyá, tó ti Kútọnu wá sìnkú, fò dìde. "Ẹ rí i? Kò fẹnu kàn án! Kí ló wà nínú omi yẹn?"

"Ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni mo ń gbà nígbà náà, Ẹ̀gbọ́n," Asmaou wí.

"Irọ́! A fún ọ ní yàrá, o gba ẹ̀mí. Kó ẹrù rẹ jáde!"

Asmaou wọlé lọ di ẹrù.

Fiacre sáré síwájú. "Mo gé ibì kan kúrò ni. Ó ti gùn jù." Ó wá a jáde nínú kọ̀ǹpútà. Ohùn Ìyá gba àgbàlá, ohùn tó ti rẹ̀: "Má tọ́ ọ wò, ọmọ mi. Má ba ààwẹ̀ rẹ jẹ́ nítorí mi. Mo fọkàn tán ọ."



"Síbẹ̀, mo ní kó jáde," Gbádébọ̀ kùn. "Ilé bàbá mi ni."

"Ilé bàbá tèmi náà ni!" Ìyádùnní dìde sí i. "Nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ Ìyá, níbo lẹ wà? Ẹ ò gbé ife kan sí i lẹ́nu rí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wá fẹ́ di ẹ̀bi yín ru àlejò!"

Ó mú ife irin náà níbi tí Ìyá máa ń fi í kọ́ sí, ó bu omi nínú àmù. Ó pàdé Asmaou àti ẹrù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó yíjú sí Gbádébọ̀, ó tọ́ omi náà wò, ó gbé e mì lójú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà fún Asmaou.