Màlúù Tó Wà Lára Àpò

Ní ìlú Rakops, nígbà tí òtútù bá ń lọ sópin, kùrukùru máa ń bo odò Boteti láàárọ̀ débi pé a ó máa gbọ́ agogo ọrùn ewúrẹ́ láì rí ewúrẹ́ kankan. Inú kùrukùru yẹn ni Gaolathe máa ń dúró sí, á na etí sílẹ̀. Kì í ṣe agogo ló ń fetí wá. Ohùn Tladi, ajá rẹ̀, ni, ó sì ti tó oṣù mẹ́ta tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Opó ni Gaolathe, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Agbo ewúrẹ́ ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú Tladi tó ń ṣọ́ wọn. Lọ́dún tí odò kún àkúnya, Tladi àti agbo náà há sórí ilẹ̀ gíga kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí omi fà, gbogbo ewúrẹ́ pé. Tladi nìkan ló rù. Láti ọjọ́ yẹn ni Gaolathe ti pinnu pé ajá òun kò ní jẹ àjẹkù mọ́, oúnjẹ inú àpò ni yóò máa jẹ.

Àpò tó yàn lẹ́wà. Màlúù pupa kan dúró lára rẹ̀ nínú koríko tútù, ó ń wo ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń rántí nǹkan. Àwọn hóró inú rẹ̀, òmíràn pupa bí ẹran, òmíràn ní àwọ̀ ewé. Bí Gaolathe bá ń dà á sínú abọ́, tó ń ró wooro, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ bí ẹni tó san oore padà.

Àmọ́ irun Tladi bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó ń họra. Tó bá jẹun tán, abẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún ló ń lọ, á sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa sáré lójú oorun. Akátá kó ọmọ ewúrẹ́ mẹ́rin lọ níṣojú rẹ̀.

Kebonye, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wá wò ó. "Akátá ń jẹ ewúrẹ́, ajá ń lálàá. Jẹ́ kí n mú ìbọn mi wá, ká sinmi."

"Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá mú ìbọn wá, èmi lẹ máa kọ́kọ́ yìn ín fún."

"Ajá lásán-làsàn!"

"Ẹ ṣáà fún mi lóṣù kan."

Kò mọ ohun tó fẹ́ fi oṣù kan náà ṣe. Lọ́jọ́ kejì ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Letlhakane, ó ká àpò òfìfo mọ́ abíyá. Oògùn ló fẹ́ béèrè.

Ẹni tó bá nínú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni Mma Sethunya ("Mma" ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin níbẹ̀), obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi ọdún mọ́kàndínlógún po oúnjẹ ẹran ọ̀sìn nílé iṣẹ́ kó tó wá máa tà á. Gaolathe ròyìn àìsàn Tladi fún un, àmọ́ obìnrin náà kò sọ̀rọ̀ oògùn rárá. Ó gba àpò náà, ó yí i padà.

"Mma, ẹ ti ka ẹ̀yìn rẹ̀ rí?"

"Kí ló wà níbẹ̀? Iwájú ni mo rà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Gbogbo wa là ń ra iwájú, Mma. Ẹ̀yìn ni Tladi ń jẹ." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ fún un. "Ẹ kà á sókè."

Gaolathe kà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń pe orúkọ àlejò tí kò mọ̀. "Ọkà oríṣiríṣi. Èérí àgbàdo. Sóyà. Ohun tó ṣẹ́kù lára ẹran. Iyọ̀. Adùn màlúù. Aró."

"Èyí tó wúwo jù nínú àpò ni wọ́n ń kọ́kọ́ dárúkọ. Èyí tó gbẹ̀yìn kò ju bíńtín lọ."

"Ọkà wo ni wọ́n ń pè ní oríṣiríṣi?"

"Èyíkéyìí tó bá pọ̀ lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn."

"Ẹran wo ló ṣẹ́kù?"

"Ẹran tí kò lórúkọ. Tó bá jẹ́ adìyẹ, wọn ì bá pè é ládìyẹ."

"Màlúù yìí ńkọ́?"

"Màlúù wà níta, Mma, kò wọlé. Adùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ta sí i."

Gaolathe fọwọ́ kan àwòrán náà. "Pupa inú rẹ̀ ńkọ́? Mo rò pé ẹran ni."

Mma Sethunya wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọwọ́ yìí ló ń dà á sínú ẹ̀rọ. Ajá ò bìkítà fún àwọ̀. Ẹ̀yin la pa á láró fún."

Níta, ẹnì kan ń pe ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Gaolathe wá fúnra rẹ̀ mú àpò mìíràn. Inú rẹ̀ dùn. "Èyí dáa! Adìyẹ ló ṣíwájú!"

"Ẹ ka ìyókù."

"Àgbàdo. Èérí àgbàdo. Ìyẹ̀fun àgbàdo."

"Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, ẹ wò ó bóyá adìyẹ náà ṣì wà níwájú. Ṣe ni wọ́n gé àgbàdo sí mẹ́ta. Adìyẹ tútù yẹn gan-an, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n bá sì yan án, omi á lọ."

"Ẹ̀yin èèyàn yìí burú o!"

"A burú díẹ̀," ni Mma Sethunya wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ́ àpò kan jáde láti ìsàlẹ̀, bébà pupa rúsúrúsú tí kò ní àwòrán kankan. Ẹran adìyẹ gbígbẹ lílọ̀ ló ṣíwájú, lẹ́yìn rẹ̀ àgbàdo, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀rá adìyẹ. Kò sí aró. Owó rẹ̀ kò tó ti alámàlúù. "Kì í ṣe oúnjẹ ọba o. Àmọ́ ó sọ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ máa pò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí inú ajá náà má bàa dàrú. Tí ara rẹ̀ kò bá yá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran."

Gaolathe rà á. Nínú bọ́ọ̀sì, oòrùn ń ràn lójú fèrèsé, ó sì sùn lọ. Ó lá àlá pé òun wà nínú àpò, pé oko àgbàdo tí kò lópin ni inú rẹ̀. Ó ń wá màlúù pupa náà, ó ń pè é. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń dá a lóhùn láàárín ewé. Tladi ń rìn lọ níwájú, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó jí, ìró ewé àgbàdo ṣì ń dún létí rẹ̀, ìtìjú sì mú un, bí ẹni tó ti ń fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àwòrán jẹ.

Ó ṣe bí Mma Sethunya ti wí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìhọra dínkù. Ní ìkẹrin, irun tuntun hù léjìká Tladi, ó rọ̀ bí ìyẹ́ òròmọdìyẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, láti inú kùrukùru, ajá gbó. Lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà léraléra. Akátá méjì já jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, wọ́n ń sá lọ. Ọjọ́ orí ṣì wà lára Tladi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ń tiro, àmọ́ ó ń lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Kebonye dé lọ́sàn-án pẹ̀lú àpò oúnjẹ ajá tirẹ̀ léjìká. Kò mẹ́nu kan ìbọn. Ó gbé e kalẹ̀, ó ní ojú òun kò ríran mọ́.

"Bá mi ka ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ajá lásán-làsàn mà ni."

"Kà á, jàre."

Wọ́n jókòó síbi òjìji. Gaolathe ń kà á lóhùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ka lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹbí tó wà lókèèrè, ó ń dúró lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kó tó dé ibi iyọ̀, Kebonye ti sùn, fìlà rẹ̀ ti yọ̀ bọ́ sójú. Gaolathe wò ó, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì ń kà á lọ.