Sìmẹ́ǹtì Inú Rímù

Ìbò ni wọ́n dì. Bí Àmír ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tó ti fẹ́ ìyàwó kejì: bí ìrìn àjò bá dé, á kọ orúkọ àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì sí bébà, á ká a sínú fìlà rẹ̀, á ní kí ọmọ òun mú ọ̀kan. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde ló máa bá a lọ. Ó ní bí ẹ̀sìn ṣe wí nìyẹn, ta ló sì fẹ́ bá a jiyàn? Nígbà tó kan ìrìn àjò Accra yìí, Hàníyyà, ọmọ tí Nímátù ìyáálé fi ikùn ara rẹ̀ bí, ló ki ọwọ́ bọ fìlà bàbá rẹ̀, orúkọ Mùnírà, ìyàwó kejì, ló sì fà yọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé léraléra. Nímátù wo ọmọ náà bí ẹni tó ká olè mọ́lé.

Ìyẹn ì bá tiẹ̀ mọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n máa gbé lọ ló tún ń gbọ̀n, Nímátù náà ló sì máa tún un ṣe. Àúdù, bàbá rẹ̀, ọmọ Ìlọrin tó ti ń tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe ní Suame Magazine, ọgbà àwọn mẹkáníìkì, kí wọ́n tó bí i, ló fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un, tòun ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe báláǹsì táyà. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Àmír gbé ọkọ̀ dé. Ó ní tóun bá ti sáré dé ọgọ́rin, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ òun; tó bá di ọgọ́rùn-ún, á gbọ̀n dé èjìká. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó ní òun ń lọ sí Adum, níbi tó ti ń ta tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì, Mùnírà á wá gbé ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Nímátù bi í pé ìgbà wo ni Mùnírà mọ ọkọ̀ wà. Àmír ní òun ló kọ́ ọ, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ọ̀nà bá dá. Ọdún méjìlá ni Nímátù ti bá a gbé, kò kọ́ òun ní nǹkan kan rí. Ó he kọ́kọ́rọ́ náà nílẹ̀.

Ó wa ọkọ̀ bọ́ sí títì ńlá. Òórùn tùràrí Mùnírà kún inú rẹ̀, ó sì ṣí gbogbo fèrèsé. Ní ọgọ́ta, kò sí wàhálà. Ní ọgọ́rin, sítíárìn bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ búrékì, gbígbọ̀n náà kò le sí i, nítorí náà kì í ṣe búrékì ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tó padà dé, ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín, kò yẹ̀ rárá. Ó fọwọ́ pa ara táyà yí ká, kò wú níbì kankan. Ó wá ku báláǹsì, bóyá apá kan ẹsẹ̀ wúwo ju apá kejì lọ. Ó tú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì yí i padà kó lè rí inú rímù.

Nǹkan eérú kan lẹ̀ mọ́ ọn, ó tó àtẹ́lẹwọ́. Ó kọ́kọ́ pè é ní ẹrẹ̀, àmọ́ nígbà tó fi irin kàn án, ó dún kọ́kọ́kọ́. Sìmẹ́ǹtì ni, tó ti le bí òkúta.

Kí ni ẹni tó ń ta tẹlifíṣọ̀n wá dé ibi tí wọ́n ti ń po sìmẹ́ǹtì? Nímátù kò ronú jìnnà. Láti bí oṣù mẹ́rin ni Àmír ti ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán Ọjọ́rú, tó ń sọ fún un pé òrùlé Mùnírà ní Krofrom ń jò, òun ń lọ ba ibẹ̀ ṣe. Òrùlé wo ló ń jò fún oṣù mẹ́rin? Ilé ni ọkùnrin yìí ń kọ́ fún ìyàwó kékeré. Òun ìyáálé wà ní yàrá méjì ní Ashanti New Town, òun àti ayálégbé mẹ́ta jọ ń lo balùwẹ̀ kan.

Ó ha sìmẹ́ǹtì ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò, ó fi ẹ̀rọ ṣe báláǹsì rẹ̀, ó dè é padà. Ó tú ti òsì. Èyí tó wà níbẹ̀ tilẹ̀ tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó wò ó títí, ó sì dá ẹsẹ̀ náà padà bó ṣe wà, ó fún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa. Kó máa gbọ̀n. Kí eyín Mùnírà máa gbá ara wọn títí wọ́n á fi dé Accra. Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù yìí rí, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lọ kírun Alásárì, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbàgbé iye rákà tó ti kí.

Kò pẹ́ tí Mùnírà fi dé. Ó kúnlẹ̀, ó kí ìyáálé rẹ̀ kú iṣẹ́, àmọ́ kò dìde. Ó ń wo àwọn èérún sìmẹ́ǹtì tó wà nílẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Òun ni mo ń fọ̀ lára ṣòkòtò ọkọ wa ní gbogbo Ọjọ́rú," ló wí. "Mi ò sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ̀yin lẹ ṣáájú mi dé, bí wọ́n bá kọ́lé fún yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Àmọ́ wàláhì, ó ń dùn mí gan-an paa."

"Wọ́n kọ́lé fún ta ni?"

"Ẹ̀yin ni. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dùn yín, pé ọ̀dọ̀ yín làwọn ń lọ ní gbogbo Ọjọ́rú láti gbé yín lọ sí ọsibítù."

Nímátù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó ní òrùlé tó ń jò ní Krofrom ńkọ́. Mùnírà ní òrùlé wo.

Mùnírà wá ní òun rí bébà oníbúlọ́ọ̀kù kan nínú àpò ṣòkòtò náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n já ẹrù sí Ejisu, nílé Madam Georgina, lẹ́yìn ilé epo. Òun rò pé Georgina ló ta ilẹ̀ fún ìyáálé òun ni. Nímátù ní òun kò ní ilẹ̀ kankan ní Ejisu.

Nímátù mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹsẹ̀ òsì. Mùnírà bi í pé ṣé kò tíì parí ni.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni," ni Nímátù wí. "Mo ń jowú rẹ."

Mùnírà na etí ìborùn rẹ̀ kí Nímátù kó nọ́ọ̀tì sí i. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì náà já bọ́ nílẹ̀, àwọn méjèèjì jọ wò ó.

Lẹ́yìn tí Nímátù ṣe báláǹsì ẹsẹ̀ náà tó sì dè é padà, Mùnírà ló wa ọkọ̀. Ó mọ̀ ọ́n wà dáadáa, ìyẹn náà sì tún dun Nímátù díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sáré ní ọgọ́rùn-ún, tí sítíárìn kò mì rárá, fóònù dún. Àmír ló ń béèrè bóyá ọkọ̀ ti yá.

"A ń dán an wò lọ́wọ́," ni Nímátù wí.

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi àti Mùnírà. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ejisu. A ò dìbò sí tèyí, Bàbá Hàníyyà, àwa méjèèjì la jọ ń lọ."