Ohun Tí Ògiri Gbé Mì

Àkọ́bí mi dúró lẹ́yìnkùlé mi, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò, ó ń wo ògiri bíríkì mi bí ẹni ń wo òkú adìyẹ.

"Màmá, ògiri yìí ti tán. Ẹni tó máa wó ilé yìí ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ máa wá bá wa gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A ti kun yàrá yín."

Èmi! Kí n máa yọ́ rìn nítorí kápẹ́ẹ̀tì? Kí n máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín? Ẹ̀rín mi nìkan á fọ́ gíláàsì ilé yẹn.

"Tí mo bá rí ẹni tún un ṣe ńkọ́?"

"Tó bá dúró dáadáa títí di ọjọ́ Ẹtì, mo ti dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé n kì í ṣìṣe. Láti kékeré ni mo ti ń gba ipò kìíní."

Ìyàwó rẹ̀ wo òkè. Ó ti gbọ́ orin ipò kìíní yẹn títí, ó lè kọ ọ́ lójú oorun.

Mo pe bíríkìlà kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìgbín, nítorí kò kánjú rí láyé ẹ̀. Ó fi ìka tẹ ojú bíríkì kan, ó ya lulẹ̀ bí èèpo búrẹ́dì.

"Ìyá, ta ló fi sìmẹ́ńtì dí àárín bíríkì wọ̀nyí?"

"Ẹnì kan ni. Kò gbọ́n. Ó ti kó lọ."

Ìgbín na ọwọ́ sí igun ògiri. Àmì àtẹ́lẹwọ́ kan wà lára sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ó sanra bọ̀ọ̀kì. Ó wò ó, ó wo tèmi.

"Ẹni tó kó lọ yẹn mà gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ síbí o."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú. Èmi náà ni! Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo po sìmẹ́ńtì fúnra mi, tí mo dí gbogbo ihò, tí mo tún tẹ ọwọ́ mọ́ ọn bí ọba tó ń lu ìwé lóǹtẹ̀.

Ìgbín ní, "Bíríkì àtijọ́ máa ń mu omi òjò, á sì làágùn ẹ̀ dà nù. Àárín yìí ló ń gbà làágùn. Ẹ wá dí i pa. Ẹ̀yin náà, tí wọ́n bá dí gbogbo ihò ara yín, báwo ló ṣe máa rí?"

"Tí wọ́n bá dí mi lẹ́nu, tí wọ́n tún dí mi nídìí? Ìgbín, kí àdúgbò tètè sá ni!"

"Ohun tó ń ṣe bíríkì nìyẹn."

La bá bẹ̀rẹ̀. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́ sìmẹ́ńtì mi jáde díẹ̀díẹ̀, èmi ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku. A fún ògiri lómi mu. Ó wá po yanrìn mọ́ láìmù, ẹfun tí wọ́n sun láti ara òkúta, tó ń jẹ́ kí bíríkì làágùn, ó ń fi ṣíbí tẹ ẹ́ wọlé. Ojoojúmọ́ la ń fi àpò tútù bo iṣẹ́ náà kí oòrùn má bàa tètè fa omi rẹ̀ gbẹ. Nígbà tí àpò tán, mo kó ìró mi wá. Nígbà tí ìró tán, mo mú pátá mi méjì wá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan bo bíríkì mẹ́rìnlá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ihò kan péré ló kù, lábẹ́ fèrèsé. Ìgbín ki ìka bọ̀ ọ́, ó fa ìwé kan jáde tí wọ́n ká sínú ọ̀rá. Mo wọ awò ojú mi. Ìwé èsì ilé ẹ̀kọ́ ni. Orúkọ àkọ́bí mi ló wà níbẹ̀. Ipò: kọkànlélógójì. Iye ọmọ kíláàsì: méjìlélógójì.

Ìwé tó ní ewúrẹ́ jẹ! Mo mà bá ìyá tó ni ewúrẹ́ yẹn yodì fún ọdún méjì gbáko! Mo ká a, mo dá a padà sínú ihò.

Kò pẹ́, àkọ́bí mi dé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọkùnrin kan tó gbé òòlù ńlá.

"Màmá, pátá ta nìyí?"

"Ti ògiri ni. Òtútù ń mú un."

Ó ṣí i, ó fi èékánná tẹ láìmù náà, ó sì wọlé díẹ̀. "Kò tíì gbẹ!"

Ìgbín ní, "Láìmù kì í kánjú. Ṣùgbọ́n ẹ ti bíríkì náà wò."

Ọmọ mi ti ọ̀kan, ó ti òmíràn. Kò sí èyí tó mì. Ojú tì í, ó bá yíjú sí olóòlù. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ fèrèsé yẹn, ihò kan ṣì wà níbẹ̀."

Mo ní, "Ibẹ̀ gan-an ló dáa. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Aláǹgbá ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ti wọ ibẹ̀ rí. Ó ní ewúrẹ́ ló jẹ ohun tó fi pamọ́ síbẹ̀."

Ọmọ mi dúró gbagidi.

Ìyàwó rẹ̀ bi mí, "Màmá, kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìyàwó mi, tí wọ́n bá ti wó o, gbogbo wa á jọ kà á."

"Olóòlù, ẹ máa lọ sílé," ni ọmọ mi wí kíákíá. "Ògiri yìí le. Màmá ò lọ ibì kankan." Ó ti ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Ìgbín, ṣíbí yín dà?"

"Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ fún un lómi."

Ó bomi sí i. Ó tẹ láìmù wọlé, ó tún tẹ ẹ́, òógùn ń bọ́ ní igi imú rẹ̀. Ìgbín ní, "Ọ̀gá, ó ti tó." Ó ní, "Kò tíì tó." Òun fúnra rẹ̀ ló mú pátá mi, ó rẹ ẹ́ sómi, ó sì fi bo ojú ibẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. "Màmá, ó mà mọ iṣẹ́ ọ̀hún o!"

"Ìyàwó mi," mo ní, "òní gan-an ló gba ipò kìíní."